Àdúrà nílé, àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì: bí ẹ ṣe lè so méjèèjì pọ̀ kí ìgbàgbọ́ àwọn ọmọ yín lè ta gbòǹgbò

Ẹ jẹ́ kí n fi àṣìṣe tèmi bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí a kọ́kọ́ fẹ́ máa ṣe àdúrà ẹbí nílé wa, aago márùn-ún ìdájí ni mo mú, wákàtí kan gbáko, orin mẹ́ta, orí Bíbélì kan, ìwàásù (èmi náà ni oníwàásù o), kókó àdúrà mẹ́wàá. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dùn gan-an. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àbíkẹ́yìn wa ti ń sùn lórí àga ká tó kọrin kejì tán, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ń wò mí bíi pé mo jẹ ẹ́ lówó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, èmi tí mo pe ìpàdé gan-an ni mo pa àláàmù tí mo tún yí ẹ̀gbẹ́ padà. Bó ṣe parí nìyẹn, ó sì tó oṣù mẹ́jọ kí n tó lójú àtitún dán an wò.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí kì í já, ó sàn ju wákàtí kan tó kú lọ́sẹ̀ kẹta lọ. Ìyẹn lohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́. Èkejì tí mi ò tètè rí ni pé àdúrà ilé tí kò bá ìjọ tan rárá máa ń gbẹ, torí ẹ ó máa yí lórí ìṣòro tiyín nìkan, àdúrà ìjọ tí kò sì bá yín wọlé, ojú eré ni àwọn ọmọ á fi máa wò ó, nǹkan tí wọ́n ń lọ jókòó tì ní Sọ́ńdè. Torí náà gbogbo ìgbésẹ̀ tí mo fẹ́ kọ síbí, bí wọ́n ṣe máa ran ara wọn lọ́wọ́ ni mò ń wò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ̀yin òbí ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò

Kí ẹ tó pe ọmọ kankan jókòó, ẹ̀yin méjèèjì ẹ sọ ọ́ láàárín ara yín. Mo ti rí ilé tí màmá ń gbàdúrà pẹ̀lú àwọn ọmọ tí bàbá ń wo bọ́ọ̀lù ní pálọ̀, tàbí tí bàbá ń pariwo "ẹ wá gbàdúrà" tí màmá ò gbé ojú kúrò lára fóònù, ẹ ò ní láti ṣàlàyé fún àwọn ọmọ, wọ́n ti mọ ẹni tó gbà á gbọ́ àti ẹni tó kàn ń fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ohun tí ẹ máa fẹnu kò lé lórí ò pọ̀: aago wo, ibo lẹ máa jókòó sí, ta ló ń darí lọ́jọ́ wo, àti pé ẹ ò ní fi àsìkò yẹn bá ara yín fa ọ̀rọ̀ àná. Jóṣúà ò sọ pé ìyàwó òun àti àwọn ọmọ á máa sin Olúwa kí òun máa ṣọ́ wọn, "èmi àti ilé mi" ló sọ (Jóṣúà 24:15), ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ kà mọ́ ọn.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ń tọ́ ọmọ, tàbí ẹnì kejì yín kì í ṣe onígbàgbọ́, ọ̀rọ̀ yìí ṣì kàn yín. Gíríìkì ni bàbá Tímótì (Ìṣe 16:1), kò sì síbi tí Bíbélì ti sọ pé ó gbàgbọ́, àmọ́ Pọ́ọ̀lù dárúkọ Lóísì ìyá rẹ̀ àgbà àti Yúníìsì ìyá rẹ̀ (2 Tímótì 1:5), ó ní láti kékeré ni ọmọ yẹn ti mọ Ìwé Mímọ́. Obìnrin méjì ló gbé e dé ibẹ̀. Ẹ sọ fún ẹnì kejì yín pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni, ẹ pè é tìfẹ́tìfẹ́, tí kò bá wá, ẹ má fi àdúrà bú u. Àwọn ọmọ ń gbọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ so ó mọ́ nǹkan tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀

Deutarónómì 6:7 ka ìgbà mẹ́rin tí òbí á máa bá ọmọ sọ̀rọ̀ Ọlọ́run: tí o bá jókòó nínú ilé, tí o bá ń rìn lọ́nà, tí o bá dùbúlẹ̀, tí o bá dìde. Ẹ wò ó dáadáa, ìgbésí ayé lásán ni gbogbo ẹ̀, kò sí ọ̀kankan níbẹ̀ tó ní kí a kọ́ pẹpẹ. Ẹ mú ọ̀kan péré nínú mẹ́rin yẹn. Tí gbogbo yín bá máa ń jẹun pọ̀ lálẹ́, kí a tó kó àwo kúrò nílẹ̀ ni ẹ ṣe é. Tó bá jẹ́ inú mọ́tò lẹ ti máa ń wà pa pọ̀ láràárọ̀, inú mọ́tò náà ni, kí ẹni tó ń wa ọkọ̀ má sáà dijú! Àwa, kí àwọn ọmọ tó sùn ló bá wa mu, torí wọ́n ti gbọ́ pé tí àdúrà bá parí, oorun ló kàn, wọ́n á wá máa béèrè ìbéèrè nípa Bíbélì kó má tètè parí. Mo mọ̀ pé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni, mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀? Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́rin. Tí ẹ bá ní ojoojúmọ́, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá pàdánù á dà bíi pé ẹ ti kùnà, ẹni tó bá sì ti rò pé òun ti kùnà kì í pẹ́ jáwọ́. Mẹ́rin tó dúró lè di márùn-ún tó bá yá. Gbogbo fóònù, títí kan ti bàbá, ẹ kó o sójú kan títí ẹ máa fi parí. Tó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti ń ka Bíbélì, ẹ wá Bíbélì oníwèé kan fún àsìkò yìí, torí ìsọfúnni kan tó bá wọlé lójú fóònù nígbà tí ẹ ń ka Sáàmù, ọkàn yín ti lọ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ohun tí ẹ máa ṣe nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn

Orin kan, ẹsẹ kan tàbí méjì rẹ̀, ó tó. Ẹ lo orin tí wọ́n ń kọ ní ìjọ yín gan-an, kí ọmọ lè gbọ́ ọ ní Sọ́ńdè kó ní "àwa náà mọ ìyẹn". Ọmọ tó mọ orin kì í bẹ̀rù ṣọ́ọ̀ṣì.

Lẹ́yìn náà, Bíbélì kíkà, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́nẹ́sísì kí ẹ ní ẹ fẹ́ kà á dé Ìfihàn, tí ẹ bá fi máa dé Léfítíkù ẹ̀yin náà á mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ìhìn Rere Máàkù ni kí ẹ mú. Orí 16 péré ló ní, òun ló kúrú jù nínú ìwé ìhìn rere mẹ́rin, ìtàn inú ẹ̀ ń sáré, Jésù kì í pẹ́ lójú kan kó tó kúrò, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn ìyẹn. Ìtàn kan lálẹ́ kan, kì í ṣe orí kan lálẹ́ kan o. Ẹsẹ mẹ́jọ sí méjìlá. Tí ẹ bá parí Máàkù, ẹ lè wọ Lúùkù, orí 24 ló ní, àwọn ẹbí kan máa ń fi ọjọ́ kìíní oṣù December bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, orí kan lóòjọ́, tó fi jẹ́ pé àṣálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì ni wọ́n ń ka àjíǹde (tiwọn nìkan ni orí kan lóòjọ́ o, àwọn ọmọ wọn ti dàgbà). Ní alẹ́ tó bá ti rẹ gbogbo yín, ẹ ka Sáàmù 117. Ẹsẹ méjì ni gbogbo ẹ̀. Ẹ kà á, ẹ ṣe Àmín, ẹ lọ sùn, ẹ ti ṣe ti alẹ́ yẹn.

Tí ẹ bá kà á tán, ẹ má wàásù. Mo tún un sọ, bàbá, ẹ má wàásù. Ìbéèrè méjì lẹ máa béèrè: "Kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?" àti "Èwo ló yà ọ́ lẹ́nu?" Kò tán? Ó tán. Ọmọ ọdún mẹ́rin lè dáhùn ẹ̀, ọmọ ogún ọdún náà lè dáhùn ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí a ka ìtàn ìjì òkun (Máàkù 4), àbíkẹ́yìn wa ní ohun tó ya òun lẹ́nu ni pé Jésù ní ìrọ̀rí nínú ọkọ̀. Mo ti ń ka ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò rí ìrọ̀rí yẹn rí, ẹsẹ 38 ló wà. Tí wọ́n bá bi yín ní ohun tí ẹ ò mọ̀, ẹ ní "mi ò mọ̀, màá bi pásítọ̀ wa", kí ẹ sì bi í lóòótọ́, kí ẹ padà wá jíṣẹ́ ìdáhùn. Ìyẹn nìkan ti so ilé mọ́ ìjọ fún ọmọ yẹn.

Àdúrà ló kù, ìṣẹ́jú mẹ́rin. Olúkúlùkù gbólóhùn kan. Ẹ dúpẹ́ nípa nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ lónìí, ẹ bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan kan, kí ẹ wá jọ gba Àdúrà Olúwa (Mátíù 6:9-13). Àwọn kan ò fẹ́ràn àdúrà àkọ́sórí, mo mọ̀, wọ́n ní kò ti inú wá. Àmọ́ ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ tó máa sọ nílò ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ti sọ, àwọn ọmọ ẹ̀yìn pàápàá ní "Olúwa, kọ́ wa bí a ti ń gbàdúrà" (Lúùkù 11:1) ni Jésù fi fún wọn ní ti yìí. Àgbàlagbà tí ìbànújẹ́ ti pa lẹ́nu mọ́ náà á nílò ẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ọmọ kì í ṣe àgbàlagbà kékeré

Àwọn tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, kí wọ́n máa tẹ̀lé ẹnu yín, gbólóhùn kan, "Jésù o ṣé fún màmá mi", ó tán. Tí wọ́n bá ń rìn kiri nígbà tí ẹ ń kàwé, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, etí wọn ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tó ti ń kàwé, ẹ jẹ́ kí wọ́n ka Bíbélì náà fúnra wọn kódà tí wọ́n bá ń he ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n mú orin, kí wọ́n darí lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀. Ẹ má tún gbólóhùn wọn ṣe láàárín àdúrà. Ọmọ tó bá gbàdúrà fún ajá aládùúgbò, Ọlọ́run ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹ̀yin.

Àwọn ọ̀dọ́ ńkọ́? Àwọn ni iṣẹ́ gidi wà lára wọn. Ẹ má fi dandan mú ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbàdúrà sókè. Ẹ ní kó jókòó pẹ̀lú yín, ìyẹn ò ṣeé dúnàá dúrà nílé wa, àmọ́ kó sọ̀rọ̀ tàbí kó má sọ̀rọ̀, ọwọ́ ẹ̀ ló wà. Tó bá sọ pé kò dá òun lójú mọ́ pé Ọlọ́run ń gbọ́, ẹ má fò sókè. Bàbá kan wà nínú Máàkù 9:24 tó sọ fún Jésù lójú kojú pé òun gbàgbọ́, kó ran àìgbàgbọ́ òun lọ́wọ́, Jésù ò lé e, ó wo ọmọ ẹ̀ sàn. Ẹ ka ibẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Ọmọ tó lè sọ iyèméjì ẹ̀ nílé kò ní wá ibòmíì lọ sọ ọ́.

Ohun kan tí mo máa bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe láéláé: ẹ má fi àdúrà bá ọmọ wí. Ẹ mọ èyí tí mò ń sọ. "Bàbá mímọ́, bá mi bá àwọn kan sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí tí wọn kì í gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu, tí wọ́n gba èsì ìdánwò burúkú lónìí…" Ojú gbogbo ènìyàn dì, ẹni tí wọ́n ń lù sì mọ ara ẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta ọmọ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra àsìkò àdúrà, ta ló jẹ̀bi?

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìwé kan tí á máa rìn láàárín ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì

Nínú gbogbo ohun tí a ti dán wò, òun ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé kan lásán. Ẹ fa ìlà sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan kó di ọ̀nà mẹ́ta: ọjọ́, ohun tí a bẹ̀bẹ̀ fún, ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n kọ ni akọ̀wé.

Ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ mú kókó àdúrà kan ṣoṣo nínú ẹ̀ lọ sí ìjọ, ẹ fún ẹni tó ń darí ìpàdé àdúrà, tàbí ẹgbẹ́ kékeré tí ẹ wà. Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ gba kókó kan ti ìjọ wá sílé: ẹni tó ń ṣàìsàn, ìdílé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, míṣọ́nnárì tí ìjọ yín ń ràn lọ́wọ́, ìlú tí ogun wà. Kókó kan wọnú ìwé, kókó kan jáde síta, bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í mọ orúkọ àwọn ènìyàn nínú ìjọ nípasẹ̀ àdúrà, tó bá rí màmá tó ń fi ọ̀pá rìn ní Sọ́ńdè á ní "ẹ mà ti dìde, a gbàdúrà fún yín lọ́jọ́ Túsìdeè". Ó ṣẹlẹ̀ nílé wa. Màmá yẹn sunkún. Wọ́n sì ti di ọ̀rẹ́ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

1 Tímótì 2:1-2 ní kí a máa gbàdúrà fún gbogbo ènìyàn, títí kan àwọn ọba àti àwọn aláṣẹ, torí náà kí ìwé yẹn má jẹ́ "fún wa, fún wa" nìkan.

Ẹ kọ ìdáhùn tó jẹ́ "rárá" náà sílẹ̀. Ẹ kọ "a ṣì ń retí". Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta pé kó mú ẹ̀gún nínú ara òun kúrò, ìdáhùn tó gbà ni pé oore-ọ̀fẹ́ tó fún un (2 Kọ́ríńtì 12:8-9). Tí ẹ bá ń ka kìkì èyí tí Ọlọ́run ṣe fún ọmọ létí, ọjọ́ tí ẹni tí ẹ ń gbàdúrà fún bá kú, ìgbàgbọ́ yẹn máa fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìwé wa ní ojú ewé kan tí "ohun tó ṣẹlẹ̀" ibẹ̀ jẹ́ "bàbá àgbà kú, a sunkún, a kọrin." Akọ̀wé wa ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mi ò fọwọ́ kan an.

Ìkìlọ̀ kékeré: àṣírí ẹlòmíì kì í wọ inú ìwé yìí, àṣírí ọmọ yín kì í sì í di kókó àdúrà ìjọ. Kí ẹ tó gbé ọ̀rọ̀ ọmọ lọ síwájú ẹnikẹ́ni, ẹ bi í.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ máa tọrọ àforíjì, ẹ sì máa wáyè fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan

Tí ẹ bá jágbe mọ́ ọmọ láàárọ̀ tí ẹ mọ̀ pé ẹ ṣì í wí, ẹ má jókòó sí àdúrà lálẹ́ bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mátíù 5:23-24 ní kí ẹni tó fẹ́ mú ọrẹ wá sí pẹpẹ lọ bá arákùnrin rẹ̀ làjà ná. Ọmọ yín ni arákùnrin yẹn. "Má bínú, bàbá ṣàṣìṣe láàárọ̀." Ó máa ń ṣòro fún wa, àwa òbí, bíi pé iyì wa máa jábọ́, àmọ́ ọmọ tí wọn kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀ rí, báwo ló ṣe máa mọ ohun tí a ń pè ní ìrònúpìwàdà?

Ti àyè lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀dọ̀ Susanna Wesley ni mo ti jí i. Ìlú Epworth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbé, ọmọ mọ́kàndínlógún ló bí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kú ní kékeré, ó sì ṣètò pé ọmọ kọ̀ọ̀kan á ní ìrọ̀lẹ́ kan lọ́sẹ̀ tí òun á fi bá a sọ̀rọ̀ ọkàn ẹ̀ lóun nìkan. Ọjọ́bọ̀ ni ti John, ẹni tó wá dá ẹgbẹ́ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀. Nígbà tí John ti dàgbà, tó ti di àlùfáà, ó kọ̀wé sí ìyá ẹ̀ pé kó ṣì máa wá àyè Ọjọ́bọ̀ yẹn fún òun. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó. Ẹ máa rìn, ẹ máa fọ abọ́ pa pọ̀, ẹ bi í pé kí ló ń dà á láàmú, kí ẹ gbàdúrà ṣókí. Kẹ́ ẹ sì gbọ́ èyí: ní nǹkan bí ọdún 1712 tí ọkọ ẹ̀ ò sí nílé, ó ń ṣe àdúrà pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀ ní alẹ́ Sọ́ńdè, aládùúgbò kan bọ́ sí i, òmíràn bọ́ sí i, títí wọ́n fi lé ní 200. Àdúrà ẹbí ló di ìjọ lójú ẹ̀ níbẹ̀, kò dẹ̀ pe ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ múra ọmọ sílẹ̀ fún àdúrà ìjọ

Alẹ́ Sátidé ni Sọ́ńdè ti ń bàjẹ́. Bàtà kan ti sọnù, ẹnì kan ò tíì fọ irun, a ti jágbe mọ́ra títí a fi dé ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run, a wá ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn tó ń kí wa. Ẹ kó aṣọ sílẹ̀ lálẹ́. Ẹ ka ibi tí wọ́n máa kà nínú Bíbélì ní ọjọ́ kejì tí ìjọ yín bá máa ń kéde ẹ̀ ṣáájú.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn ọmọ bá ní kíláàsì tiwọn, ó dáa, àmọ́ ẹ wá apá kan nínú ìsìn tí wọ́n máa bá gbogbo ìjọ gbàdúrà. Ẹ jókòó síbi tí ọmọ ti lè rí iwájú, ẹ̀yìn àgbàlagbà gíga ò dáa fún ọmọ kúkúrú. Ẹ máa sọ sí i létí ohun tó ń lọ: "ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ la ń ṣe báyìí, rántí ohun kan tó o fẹ́ bẹ Ọlọ́run fún." Pọ́ọ̀lù bi àwọn ará Kọ́ríńtì pé báwo ni ẹni tí kò mọ ohun tí ẹ ń wí ṣe máa ṣe Àmín (1 Kọ́ríńtì 14:16), ọ̀rọ̀ èdè àjèjì ló ń sọ níbẹ̀, àmọ́ ó kan ọmọ ọdún méje tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ gígùn gbàdúrà lé lórí.

Ìpàdé àdúrà àárín ọ̀sẹ̀, ọmọ kan lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ máa mú lọ, kó mọ̀ pé ó jẹ́ oríire. Ẹ dúró ìdajì wákàtí, kẹ́ ẹ máa lọ. Ìṣọ́ òru, ẹ fi sílẹ̀ fún àgbàlagbà, oorun ọmọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ wòlíì tàbí olùkọ́, mú ọmọ yín nìkan wọ yàrá lọ gbàdúrà fún un tí ilẹ̀kùn tì. Àdúrà gidi kò nílò ìkọ̀kọ̀ àárín àgbàlagbà kan àti ọmọdé kan.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń darí àdúrà ní ìjọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé e kúrú. Ní 23 September 1857, Jeremiah Lanphier ṣí ìpàdé àdúrà ọ̀sán sílẹ̀ ní Fulton Street, New York, fún àwọn òṣìṣẹ́ tó lè yọ wá. Òun nìkan ló jókòó fún ìdajì wákàtí, kí wọ́n tó parí wọ́n ti di mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ kejì, ogún, ọ̀sẹ̀ kẹta, bí ogójì, wọ́n wá sọ ọ́ di ojoojúmọ́, ó sì tàn ká àwọn ìlú míì. Òfin kan tí wọ́n ní ni pé kí àdúrà ẹnikẹ́ni má kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo máa ń rò ó pé òfin yẹn gan-an ló jẹ́ kí ènìyàn lásán lè lanu, torí tí ẹni àkọ́kọ́ bá ti fi ogún ìṣẹ́jú gbàdúrà bí àpọ́sítélì, ta ló tún máa fẹ́ fi gbólóhùn méjì tẹ̀lé e?

Ìṣe 4:24-31 fi ìlànà tó rọrùn hàn: wọ́n kọ́kọ́ sọ ẹni tí Ọlọ́run jẹ́, wọ́n fa ọ̀rọ̀ Sáàmù kejì yọ, wọ́n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn, wọ́n wá bẹ̀bẹ̀. Ẹ lè tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ dárúkọ kókó kan, ẹ jẹ́ kó dákẹ́ díẹ̀, ẹ pín àwọn ènìyàn ní mẹ́ta mẹ́ta, kí ìdílé má sì jókòó sójú kan pọ̀ nígbà gbogbo. Ẹ fún ọmọdé kan ní àyè láti gbàdúrà fún àwọn aláìsàn, kí òbí ẹ̀ má kọ ọ́ fún un. Ẹ béèrè ìròyìn ohun tí ẹ gbàdúrà fún lọ́sẹ̀ tó kọjá, torí ìjọ tí kì í bi ara wọn pé "ibo lọ̀rọ̀ yẹn dé?" máa ń dà bíi pé àwọn fúnra wọn ò retí ìdáhùn. Bó ṣe rí fún àwọn tó pé jọ sílé Màríà ìyá Jòhánù Máàkù nìyẹn (Ìṣe 12), wọ́n ń gbàdúrà fún Pétérù, Pétérù dé ẹnu ọ̀nà, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ródà sáré wọlé wá sọ, wọ́n ní orí ẹ̀ ti dàrú. Ilé ènìyàn ni ìjọ ti ń gbàdúrà yẹn o, ọmọdébìnrin kan ló sì kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ìdáhùn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ ṣí ilẹ̀kùn

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ pe ìdílé kan tàbí méjì láti ìjọ wá bá yín ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, bí ẹ ṣe ń ṣe é gan-an, ẹ má gbé e ga torí àlejò. Ẹ rántí opó, ẹni tí kò tíì ní ọkọ tàbí aya, akẹ́kọ̀ọ́ tó jìnnà sílé. Sáàmù 68:6 ní Ọlọ́run ń mú ẹni tó dá wà jókòó nínú ìdílé, ìdílé wo ló fẹ́ lò tí gbogbo wa bá tilẹ̀kùn?

Tó bá já

Ó máa já. Ìrìn àjò, ìdánwò, àìsàn, ìjà. Tó bá já, ẹ má pe ìpàdé ẹ̀bi, ẹ kàn jókòó ní aago yẹn lọ́jọ́ kejì kí ẹ ṣí Bíbélì síbi tí ẹ dé. Tí ẹnì kan bá rìnrìn àjò, ẹ pè é lórí fóònù fún àdúrà ìṣẹ́jú méjì, kí ọmọ gbọ́ ohùn ẹ̀ nínú Àmín.

Tí ọmọ tó ti dàgbà bá ní òun ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ẹ má yọ orúkọ ẹ̀ kúrò nínú ìwé, ẹ má sì máa rán an létí lójoojúmọ́ pé orúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀. Móníkà gbàdúrà lórí ọmọ ẹ̀ Augustine, ẹni tó wá di olùkọ́ ńlá nínú ìjọ, fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó ṣèrìbọmi ní Milan ní 387, lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù Ambrose, ní àsìkò Àjíǹde. Láàárín gbogbo ọdún yẹn, ìyá yẹn ò yé lọ sí ìjọ, bó sì tilẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀ kí ọmọ ẹ̀ máa bá òun gbé, ó padà gbà á sílé.

Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní: Máàkù 1:1-8, orin kan tí ọmọ kékeré jù mọ̀, ìbéèrè méjì, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, Àdúrà Olúwa. Ìwé ìkọ̀wé, ẹ lè rà á lọ́la. Tí ọmọ bá béèrè ìdí tí Jòhánù fi ń jẹ eéṣú, ẹ ti rí nǹkan tí ẹ máa bi pásítọ̀ ní Sọ́ńdè.